Bí mo ṣe mú Hailo-8L ṣiṣẹ́ nínú Home Assistant OS lórí Raspberry Pi 5

Kámẹ́rà mẹ́rin ló ń ṣọ́ ilé wa n'Ìbàdàn: ọ̀kan lẹ́nu géètì, ọ̀kan lẹ́yìnkùlé, méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Raspberry Pi 5 oní 8 GB, kọ̀ǹpútà kékeré kan, ló ń darí iná, ẹ̀rọ omi àti kámẹ́rà lórí Home Assistant OS (HAOS), ètò tí wọ́n ṣe fún dídarí ohun inú ilé. Frigate ni sọ́fítíwià tó ń wo àwòrán, tó ń sọ pé ènìyàn nìyí, ọkọ̀ nìyí, ajá nìyí. CPU nìkan ló ń dá iṣẹ́ ìdámọ̀ yìí ṣe tẹ́lẹ̀. Ó ń ṣe é, ṣùgbọ́n agbára káká ni. Pi ń gbóná, fáànù kì í sinmi, kí ìkìlọ̀ sì tó dé orí fóònù, ẹni tó dúró sẹ́nu géètì ti bá tirẹ̀ lọ.

Mi ò fẹ́ kó jẹ́ pé àwòrán ilé wa yóò kọ́kọ́ gba orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹlòmíì kí wọ́n tó bá wa wò ó. Dátà wọ́n, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń lọ ó ń bọ̀, àwọn ọmọ mi sì wà nínú àwòrán wọ̀nyẹn. Inú ilé ni mo fẹ́ kí iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ kó sì ti parí, kí inverter lè gbé e, yálà iná ọba wà tàbí kò sí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ra Hailo-8L, ẹ̀rọ tí wọ́n dìídì ṣe fún iṣẹ́ AI.

Kí n tètè sọ ibi tí iṣẹ́ wà, kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe é má baà ra ẹ̀rọ tán kó wá máa wòye. Fífi ẹ̀rọ náà sórí Pi kò gba àkókò. Ohun mẹ́ta tó gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹ̀dà kan náà ló gba iṣẹ́: dráífà inú kernel (ọkàn ètò Linux), firmware (sọ́fítíwià ti ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀) tí dráífà ń kó sínú ẹ̀rọ, àti HailoRT, láíbírì tí Frigate fi ń bá Hailo sọ̀rọ̀, tó wà nínú container (àpótí sọ́fítíwià) Frigate. Orí ètò tí kò gbà kí ẹnikẹ́ni fi ohunkóhun kún un la sì ti fẹ́ mú wọn bára mu.

Ìpele 1: Ohun èlò àti owó

Raspberry Pi AI Kit ni mo rà. Oṣù Kẹfà ọdún 2024 ni wọ́n gbé e jáde ní dọ́là 70. Ohun méjì ló wà nínú páálí rẹ̀: pátákó M.2 HAT+, àti ẹ̀rọ Hailo-8L tó ń jókòó sórí pátákó náà. Agbára Hailo-8L jẹ́ 13 TOPS, ìyẹn ìṣirò tírílíọ̀nù 13 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Hailo-8, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ní 26 TOPS. Ó wà lórí AI HAT+ tó jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024 ní dọ́là 110. Fún kámẹ́rà mẹ́rin, 13 tó, ó tún ṣẹ́kù.

Àwọn yòókù: Pi 5 oní 8 GB, tí wọ́n fi dọ́là 80 gbé jáde ní 2023, Active Cooler, dọ́là 5, ṣájà 27 W ti Raspberry Pi, dọ́là 12. Àpapọ̀ gbogbo rẹ̀ jẹ́ dọ́là 167. Iye tí wọ́n fi ṣí ọjà wọn nìyẹn o. Lọ́dọ̀ wa, iye dọ́là lójoojúmọ́ àti owó ẹrù ló ń pinnu iye tó máa já sí ní náírà, nítorí náà ẹ béèrè lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ rà á.

Ẹ má fi ṣájà fóònù dípò 27 W yẹn. Pi 5 ń fẹ́ 5 V ní 5 A. Tí kò bá rí i, á dín iná tó ń fún àwọn ihò USB kù sí 600 mA, ẹni tó bá so SSD mọ́ USB fún fídíò yóò máa rí i pé disiki ń já kúrò lórí Pi fúnra rẹ̀.

Mo ro Coral USB ti Google, ẹ̀rọ AI mìíràn, náà wò. 4 TOPS ni, ó ń jẹ nǹkan bíi 2 W, ẹ̀yà USB rẹ̀ kò sì nílò dráífà kankan nínú kernel, nítorí láíbírì inú container ló ń bá a sọ̀rọ̀ tààrà. Ẹni tí kò bá fẹ́ wàhálà tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí lè gba ọ̀nà yẹn. Èmi kò gbà á nítorí pé PyCoral rẹ̀ kò kọjá Python 3.9, mo sì fẹ́ ohun tí àtúnṣe ṣì ń bá.

Ìpele 2: Síso ó pọ̀

Ẹ pa Pi, kí ẹ yọ wáyà iná rẹ̀. Active Cooler ló ń kọ́kọ́ wọlé, nítorí abẹ́ pátákó M.2 ló máa wà. Lẹ́yìn náà, ẹ ti àsopọ̀ GPIO gíga onímílímítà 16 bọlẹ̀, ẹ de àwọn òpó kéékèèké mẹ́rin, kí ẹ tó gbé pátákó lé e. Wáyà pẹlẹbẹ tó lọ sí ihò PCIe, ọ̀nà tí Pi fi ń bá Hailo sọ̀rọ̀, ni kí ẹ fara balẹ̀ sí jù. Ẹ gbé ìdè ihò náà sókè, ẹ ti wáyà náà wọlé ní tààrà kó má ṣe wọ́, kí ẹ wá tẹ ìdè náà padà. Tó bá dàgẹ̀rẹ̀ díẹ̀ báyìí, Pi á tàn, ṣùgbọ́n kò ní rí ẹ̀rọ kankan.

Láti wọ inú HAOS gan-an, kì í ṣe inú add-on Terminal, ẹ nílò SSH (ọ̀nà láti fi kọ̀ǹpútà mìíràn wọ inú Pi) lórí pọ́ọ̀tì 22222. Ẹ fún filáṣì USB kan ní orúkọ CONFIG, ẹ kó kọ́kọ́rọ́ SSH yín ti gbangba (public key) sínú fáìlì tó ń jẹ́ `authorized_keys` lórí rẹ̀, ẹ fi filáṣì náà sínú ihò USB Pi, kí ẹ sì tún Pi tàn. Lẹ́yìn náà:

```
ssh root@homeassistant.local -p 22222
```

Pi 5 ń fi PCIe ṣiṣẹ́ ní Gen 2, 5 GT/s, bí a kò bá sọ fún un. Nínú `/mnt/boot/config.txt`, mo fi ìlà yìí kún un:

```
dtparam=pciex1_gen=3
```

Mo tún un tàn, mo wá bi kernel léèrè:

```
cat /sys/bus/pci/devices/0001:01:00.0/vendor
cat /sys/bus/pci/devices/0001:01:00.0/device
cat /sys/bus/pci/devices/0001:01:00.0/current_link_speed
```

Ìdáhùn: `0x1e60`, `0x2864`, `8.0 GT/s PCIe`. Méjì àkọ́kọ́ ni nọ́mbà ìdánimọ̀ Hailo. Ẹ̀kẹta fi hàn pé Gen 3 ti wọlé. Bí nọ́mbà 0001 yẹn bá yàtọ̀ lọ́dọ̀ yín, ẹ wo gbogbo ohun tó wà lábẹ́ `/sys/bus/pci/devices`, kí ẹ wá èyí tí vendor rẹ̀ jẹ́ 0x1e60.

Ìpele 3: Ibi tí ó ti kọ́kọ́ kọ̀

Àwọn ẹ̀dà HAOS tó tuntun ti ń gbé dráífà Hailo dání. `/dev/hailo0`, fáìlì tó dúró fún ẹ̀rọ náà, wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tan Frigate, ohun tí log rẹ̀ sọ ni `HAILO_INVALID_DRIVER_VERSION(76)`. Láíbírì inú container tèmi jẹ́ 4.21.0, dráífà inú ètò sì rẹlẹ̀ sí i. HailoRT kì í fojú fo ìyàtọ̀ yìí, kódà bó jẹ́ nọ́mbà àárín nìkan ló yàtọ̀. Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ wo tiyín:

```
dmesg | grep -i hailo
```

Ìlà tó ní `driver version` á sọ ọ́. Bí ó bá bá ti container mu, ẹ fò lọ sí ìpele 7, ẹ kò nílò ohun tó wà láàárín.

Ìlànà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tẹ̀ lé lórí Debian ni kí wọ́n fi `apt` kó irinṣẹ́ wọlé, kí DKMS, irinṣẹ́ tó ń kọ́ dráífà fún kernel tó wà nílẹ̀, wá kọ́ dráífà tuntun. Kò sí `apt` lórí HAOS, kò sí compiler (irinṣẹ́ tó ń sọ kóòdù di sọ́fítíwià), kò sí headers kernel, a ò sì lè kọ nǹkan sínú rootfs rẹ̀, ibi tí fáìlì ètò wà. Bí wọ́n ṣe dìídì ṣe é nìyẹn, ó sì dára bẹ́ẹ̀: bí iná bá lọ lójijì, kò sí ohun tó ń kọ sórí ètò tó lè bà á jẹ́. Ẹni tó bá ti rí SD card tó kú nítorí iná tó ń lọ tó ń bọ̀ yóò mọ iyì rẹ̀.

Ìpele 4: Dráífà láti orí Raspberry Pi OS

Ọ̀nà tó yá jù lójú ni pé kí n kọ́ `hailo_pci.ko` lórí Pi mìíràn tó ní Raspberry Pi OS, kí n wá gbé e sínú `/mnt/data`, ibi tí HAOS gbà kí a kọ nǹkan sí. Mo gbìyànjú rẹ̀. `insmod`, àṣẹ tó ń fi dráífà sínú kernel, ní `invalid module format`. `dmesg` ló sọ òótọ́ ibẹ̀: `version magic` inú dráífà kò bá ti kernel mu. Kernel méjèèjì jọ jẹ́ ti Raspberry Pi, àmọ́ ẹ̀dà wọn àti ìṣètò wọn yàtọ̀. Dráífà gbọ́dọ̀ jáde láti inú kernel tó fẹ́ bá ṣiṣẹ́ gan-an. Kò sí àbùjá níbẹ̀.

Ìpele 5: Kíkọ́ HAOS fúnra ẹni

Buildroot, irinṣẹ́ tó ń kọ́ odindi ètò Linux láti inú kóòdù, ni wọ́n fi ń kọ́ HAOS, gbogbo kóòdù HAOS sì wà ní gbangba. Kọ̀ǹpútà alágbèéká tó ní Linux àti Docker, àyè disiki tó pọ̀ (100 GB ni mo yà sọ́tọ̀), àti dátà tó tó ni ẹ nílò.

```
git clone https://github.com/home-assistant/operating-system
cd operating-system
git checkout <ẹ̀dà tó wà lórí Pi yín>
git submodule update --init
sudo scripts/enter.sh make rpi5_64
```

Ìlà `checkout` yẹn ṣe pàtàkì. Ẹ̀dà tó wà lórí Pi gan-an ni kí ẹ mú, kì í ṣe èyí tó tuntun jù, nítorí pé mo fẹ́ lè dán dráífà wò lórí Pi tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ kí n tó kọ odindi ètò sórí disiki.

Nínú `buildroot-external/package` ni package Hailo wà. Mo yí nọ́mbà ẹ̀dà rẹ̀ padà sí 4.21.0, ti dráífà àti ti firmware. Fáìlì `.hash` náà gbọ́dọ̀ yí padà: Buildroot ń ka sha256 gbogbo ohun tó bá wà lójú ewé yẹn, bí kò bá sì bára mu, á dá iṣẹ́ dúró lójú ẹsẹ̀. Ẹ wa fáìlì náà sílẹ̀, ẹ fi `sha256sum` kà á, kí ẹ kọ nọ́mbà tuntun síbẹ̀.

Fún ẹni tó fẹ́ ṣe irú nǹkan báyìí lórí ètò Buildroot mìíràn tí kò ní package Hailo rárá, kókó fáìlì `.mk` rẹ̀ kò gùn:

```
HAILO_PCI_VERSION = v4.21.0
HAILO_PCI_SITE = $(call github,hailo-ai,hailort-drivers,$(HAILO_PCI_VERSION))
HAILO_PCI_MODULE_SUBDIRS = linux/pcie

$(eval $(kernel-module))
$(eval $(generic-package))
```

`kernel-module` ló ń ṣe iṣẹ́ tó le: á dúró kí kernel kọ́kọ́ parí, á wá fi compiler kan náà àti ìṣètò kan náà kọ́ dráífà. Ohun tí a kò rí ní ìpele 4 gan-an nìyẹn. Ẹ fi òfin udev tó wà nínú fódà `linux/pcie` kún un, kí `/dev/hailo0` lè ṣí fún container.

Ọ̀rọ̀ iná wá kù. Iṣẹ́ yìí ń gba ọ̀pọ̀ wákàtí lórí alágbèéká, nítorí compiler fúnra rẹ̀ ni Buildroot kọ́kọ́ ń kọ́. Bí iná bá lọ tí bátìrì sì tán láàárín, ẹ má pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Buildroot ń fi àmì sílẹ̀ fún package kọ̀ọ̀kan tó bá ti parí, á sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dúró. Èyí tó wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí iná lọ nìkan ni kí ẹ pa fódà rẹ̀ rẹ́ nínú `output/build`, torí fáìlì inú rẹ̀ lè má pé. Ẹ tún rí i pé fódà `dl` kò sọnù: inú rẹ̀ ni gbogbo ohun tí ẹ ti fi dátà wà sílẹ̀ wà.

Ìpele 6: Ìdánwò kí n tó kọ odindi ètò

Ìpele yìí ni mo fẹ́ kí ẹ má fò, nítorí ó gbà mí lọ́wọ́ kíkọ́ ètò léraléra. Mo mú `hailo_pci.ko` tuntun àti firmware rẹ̀ nìkan láti inú `output`, mo fi `scp` gbé wọn sí `/mnt/data`. Mo dá Frigate dúró, mo wá ṣe èyí:

```
rmmod hailo_pci
insmod /mnt/data/hailo/hailo_pci.ko
```

Ó wọlé láìjanpata. Àmọ́ firmware àtijọ́ ló ṣì kó sínú ẹ̀rọ. Hailo tó wà lórí PCIe kì í tọ́jú firmware pamọ́: gbogbo ìgbà tí dráífà bá jí ló ń gba `hailo/hailo8_fw.bin` láti `/lib/firmware`, a kò sì lè kọ nǹkan síbẹ̀. Kernel ní ọ̀nà kan fún irú ọ̀ràn yìí. A lè sọ fún un pé kó kọ́kọ́ wá firmware síbòmíràn:

```
echo -n /mnt/data/fw > /sys/module/firmware_class/parameters/path
```

Mo gbé fáìlì náà sí `/mnt/data/fw/hailo/hailo8_fw.bin`, mo yọ dráífà, mo tún fi í sí i. `dmesg` wá mú ìlà tí mo ń retí jáde: `Firmware was loaded successfully`, lẹ́yìn náà `Added board 1e60-2864, /dev/hailo0`. Ọkàn mi balẹ̀ gan-an ni.

Gbogbo èyí ń pòórá bí Pi bá tún ara rẹ̀ tàn. Fún ìdánwò ló wà. Lẹ́yìn tó ti dájú, mo jẹ́ kí odindi ètò parí, fáìlì `.img.xz` sì jáde nínú fódà `release`.

Kí ẹ tó kọ ọ́ sórí SD card tàbí SSD, ẹ ṣe backup pípé nínú Home Assistant, ẹ gbé e kúrò lórí Pi lọ sórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì tọ́jú kọ́kọ́rọ́ tó ń ṣí backup náà síbi tí ẹ ti lè rí i. Backup láìsí kọ́kọ́rọ́ kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Mo kọ ètò tuntun sórí SSD, mo dá backup padà sínú rẹ̀, gbogbo nǹkan ilé sì padà sí ipò wọn.

Ẹ rántí pé àyè méjì, A àti B, ni HAOS ní. Ìmúdójúìwọ̀n tuntun ń kọ odindi ètò sínú àyè tó ṣófo, á sì gba ibẹ̀ tàn. Dráífà tí mo fi sínú tèmi kò ní bá a lọ. Nítorí náà mo ti pa ìmúdójúìwọ̀n aládàáṣe ti Frigate, bẹ́ẹ̀ ni mi ò kàn ń tẹ bọ́tìnnì ti HAOS. Nọ́mbà HailoRT méjèèjì ni mo ń kọ́kọ́ fi wé ara wọn.

Ìpele 7: Frigate

Mo lo Frigate Full Access, mo sì pa Protection mode rẹ̀ kí container lè rí `/dev/hailo0`. Ìṣètò rẹ̀ kúrú:

```
detectors:
  hailo:
    type: hailo8l
    device: PCIe
```

Nígbà tí a kò bá yan módẹ́ẹ̀lì kankan, YOLOv6n ni ó ń wá fúnra rẹ̀ fún Hailo, pẹ̀lú àwòrán 320 × 320. Ó nílò íntánẹ́ẹ̀tì ní ìgbà àkọ́kọ́ yẹn láti wa módẹ́ẹ̀lì náà sílẹ̀.

Àkókò ìdámọ̀ fún àwòrán kan wá dúró sí nǹkan bíi 11 ms. Ìyẹn á gba bíi àwòrán 90 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kámẹ́rà mẹ́rin ní àwòrán 5 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá jẹ́ 20. Frigate lè gé àwòrán kan sí ọ̀nà méjì mẹ́ta nígbà tí ohun púpọ̀ bá ń rìn nínú rẹ̀, síbẹ̀ àyè ṣì pọ̀.

Ìpele 8: CPU ṣì ń gbóná

Mo retí pé CPU á sinmi pátápátá. Kò sinmi tó bí mo ṣe rò. Nígbà tí mo wo ohun tó ń jẹ ẹ́, `ffmpeg` ni.

Hailo ń dá ohun inú àwòrán mọ̀. Kì í bá wa tú fídíò. Fídíò tó ń bọ̀ láti kámẹ́rà ti di fífún pọ̀, ẹnìkan sì gbọ́dọ̀ tú u sí àwòrán kí Hailo tó lè rí nǹkan kan. Pi 5 ní ẹ̀rọ tó ń tú H.265, ṣùgbọ́n kò ní èyí tó ń tú H.264, Pi 4 ló ní ìyẹn. H.264 ni gbogbo kámẹ́rà mi ń fi ránṣẹ́, 1080p ni mo sì fi ń ṣe ìdámọ̀. Gbogbo ìtú yẹn ló ń já lé CPU lórí.

Ohun méjì ni mo yí padà. Mo fi ìṣàn kékeré kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan, 640 × 360 ní 5 fps, ṣe `detect`; ìṣàn ńlá wà fún `record` nìkan, Frigate kì í sì tú ìyẹn rárá, ó kàn ń kó o sórí disiki bó ṣe dé ni. Méjì nínú kámẹ́rà mi gba H.265, mo yí wọn sí i, mo sì fi `hwaccel_args: preset-rpi-64-h265` sí tiwọn. Ìgbà yẹn ni fáànù tó dákẹ́. Ká ní mo ti ṣe ti ìṣàn kékeré yìí ṣáájú ohun gbogbo, CPU ì bá ti rí ìtura díẹ̀ kí Hailo tó dé, nítorí náà ẹ ṣe é, kódà bí ẹ kò bá ra ẹ̀rọ AI kankan.

Ìpele 9: Ohun tó ń jẹ àti ohun tí kò mọ̀

Mítà tó wà lẹ́nu sọ́kẹ́ẹ̀tì ń fi nǹkan bíi 9 W hàn fún Pi, Hailo àti SSD nígbà tí kámẹ́rà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń ṣiṣẹ́. Bátìrì 12 V oní 200 Ah jẹ́ 2,400 Wh. Bí a bá lo ìdajì rẹ̀ nìkan kí bátìrì olómi má baà tètè bàjẹ́, 1,200 Wh á gbé 9 W fún bíi wákàtí 130. Àwọn kámẹ́rà kò sí nínú ìṣirò yìí, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí inverter fúnra rẹ̀ ń jẹ kò sí níbẹ̀, ẹ fi tiyín kún un.

Ìkìlọ̀ ti ń dé nígbà tí ènìyàn ṣì wà lẹ́nu géètì. Ọ̀kadà, ó ń mọ̀ ọ́n. Àmọ́ COCO, àkójọ àwòrán tí wọ́n fi kọ́ módẹ́ẹ̀lì yìí, ní irú ohun 80 péré: àgùntàn wà níbẹ̀, màlúù wà, erin àti àgùnfọn pàápàá wà, ṣùgbọ́n ewúrẹ́ kò sí, kẹ̀kẹ́ Márúwá kò sì sí. Ewúrẹ́ àdúgbò ń di àgùntàn tàbí ajá lójú rẹ̀, Márúwá ń di ọkọ̀ tàbí ọ̀kadà.

Mo ti ń kó àwòrán àwọn méjèèjì jọ láti inú fídíò tèmi láti fi kọ́ módẹ́ẹ̀lì tuntun. Kọ̀ǹpútà x86 tó ní Linux ni irinṣẹ́ Hailo tó ń sọ módẹ́ẹ̀lì di fáìlì HEF ń fẹ́, kò lè ṣiṣẹ́ lórí Pi. Kí ìyẹn tó parí, ohun tó wà nínú ìṣètò mi fún géètì nìyí, láìsí `dog` àti `sheep` nínú rẹ̀:

```
objects:
  track:
    - person
    - car
    - motorcycle
```